Galileo: Ọkọ̀ Pákó Tí Ó Di Ohun Ìtàn

Ìtàn àwọn ọba àti àwọn ìlú wa ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ìròyìn yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ọkọ̀ kékeré kan ni a mú wá, ọkọ̀ ojú sánmà tí kò fò rí, nítorí pé irin àti pákó ni wọ́n fi kàn án fún eré orí tẹlifíṣọ̀n. Galileo ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ wo eré Star Trek àtijọ́ yóò ti rí i.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966 ni iléeṣẹ́ NBC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré náà jáde. Gene Roddenberry ni ó dá a sílẹ̀. Enterprise, ọkọ̀ ńlá inú eré náà, tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí wọn ì bá ná láti máa fi bí ó ti ń balẹ̀ hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kọjá agbára wọn. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ kan sínú eré náà tí ń mú ènìyàn pòórá níhìn-ín, tí onítọ̀hún á sì yọ lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti ń sọ pé egbé ń gbé ọdẹ. Bí egbé bá wá kọṣẹ́ ńkọ́? Nínú eré kan tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ẹ̀rọ náà bàjẹ́, òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tí ó há sí ilẹ̀ àjèjì. Kò sí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n lè rán lọ gbé wọn, nítorí pé wọn kò tí ì kan ọ̀kankan.

Owó ni kò sí. Iléeṣẹ́ AMT, tí ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń tò pọ̀, ni ó gbé ìnáwó náà, kí wọ́n lè fún un láyè láti máa ta ọkọ̀ Star Trek lọ́jà. Thomas Kellogg ni ó ya àwòrán ìta rẹ̀. Gene Winfield, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtipa mọ́tò láwọ̀ dà, ni ó kàn án ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, ṣùgbọ́n kò ga tó kí àgbàlagbà nàró nínú rẹ̀. Nítorí náà, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n kàn fún eré inú ọkọ̀.

Ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967 ni Galileo kọ́kọ́ yọjú, nínú eré tí wọ́n pè ní The Galileo Seven. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò lè gbàgbé eré yìí. Enterprise ń gbé oògùn lọ fún àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn ń bá fínra. Lójú ọ̀nà, ènìyàn méje wọ Galileo lọ ṣe ìwádìí. Dókítà ọkọ̀ wà lára wọn, Spock sì ni olórí. Ọkọ̀ náà já sí ilẹ̀ àjèjì, àwọn òmìrán ibẹ̀ sì pa méjì nínú wọn. Lókè, ìjòyè kan kò jẹ́ kí ọ̀gá ọkọ̀, Kirk, sinmi: ó ní kí wọ́n fi àwọn tí ó sọnù sílẹ̀, kí oògùn má baà pẹ́. Ta ni kí a kọ́kọ́ gbà là? Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù mọ ìwúwo ìbéèrè yìí. Níkẹyìn, Scott tí ń tún ẹ̀rọ ṣe fa agbára inú àwọn ìbọn wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbéra. Spock da epo tí ó kù síta, ó sì tiná bọ̀ ọ́. Iná yẹn ni Enterprise rí tí ó fi gba àwọn márùn-ún là.

Eré náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1969. Galileo ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó dúró níta nínú òjò àti oòrùn, pákó rẹ̀ jẹrà, irin rẹ̀ dípẹtà. Àwọn kan dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀, iṣẹ́ náà kò parí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Ohio, owó rẹ̀ sì lé ní 60,000 dọ́là. Adam Schneider àti ẹnì kejì rẹ̀ ni ó rà á. Wọ́n gbé e lọ sí New Jersey, sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, nítorí pé àwọn wọ̀nyí mọ̀wé pákó tí omi ti bà jẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Space Center Houston, ọ̀pọ̀ èrò sì wá wò ó.

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàǹtírí ni Galileo. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni pé ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, àwa náà ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nílé. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wà níbẹ̀, fọ́tò àwọn tí ó kọ́kọ́ dé wà níbẹ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá fi ohùn rẹ̀ sí láti ilé. Àwa tí a ń bẹ àwọn àgbà wa wò ń rí i nínú àpótí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti nínú gáréèjì. Bí àgbà bá ti ṣípò padà, inú àpò ìdọ̀tí ni ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kó wọn sí. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Ẹ kó àkọsílẹ̀ ìpàdé wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́.

Kí Olódùmarè fún wa ní ẹni tí yóò mọ iyì ohun tí a bá fi sílẹ̀. Àṣẹ.