Ta Ló Ṣe Àkún Tó Rẹ́ ní Àkúrẹ́?

Kò sí ọmọ Àkúrẹ́ tí kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Wọ́n ní Ọmọrẹ̀mílẹ́kún Aṣọdẹbóyèdé, ọmọ ìran Odùduwà, kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀dó sí. Ibi tó dé ni okùn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti já, ló bá kígbe pé "Àkún rẹ́!" Bí ìlú ṣe gba orúkọ nìyẹn. Gbogbo wa la mọ ẹni tó wọ àkún náà. Àwa kì í béèrè ẹni tó ṣe é.

Ẹ wọ Ọjà Ọba lónìí, nítòsí ààfin Déjì, ẹ ó rí ìlẹ̀kẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá. Bóyá ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún wa nìyẹn láti gbà pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn: àjèjì ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, Yorùbá ń rà á wọ̀. Irọ́ ni, jàre. Ẹ̀rí wà nínú ilẹ̀ n'Ífẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ lọ́dún 1910, ó gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì ti yọ́ mọ́ nínú. Kí ni bàbá yìí wá sọ nípa Ifẹ̀? Ó ní Olókun wa ni Poseidon àwọn Gíríìkì, pé ohun tó ṣẹ́kù lára ìlú Atlantis ló wà níbẹ̀! Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ Atlantis, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń sọ pé gíláàsì tí wọ́n kó wá láti òkèèrè làwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́, tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ̀ pé tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ojú app kọ́ lẹ máa wò, inú log lẹ máa lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ lè rìn, ẹnikẹ́ni lè rà á kó gbé e lọ. Pàǹtí iṣẹ́ kì í rìn. Ta ló máa rìnrìn àjò lọ ra pàǹtí?

Pàǹtí yìí ni Abídèmí Babátúndé Babalọlá lọ wá nígbà tó gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tó rí tó 13,000. Àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì lé ní 800, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ kílò ìdọ̀tí gíláàsì. Ọjọ́ orí wọn bọ́ sí àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kí òyìnbó Potogí tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni ti kẹ́mísìrì. Ní 2006, James Lankton, Akin Ìgè àti Thilo Rehren ti fi hàn pé calcium àti aluminium pọ̀ lápọ̀jù nínú gíláàsì Ifẹ̀. Gíláàsì Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń yọ́ ti ẹlòmíì ni, ohun tó wà nínú ti ẹlòmíì là bá bá nínú rẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń po iyanrìn ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi cobalt pa á láró, tí sẹ̀gi fi ń jáde. Irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti dé Gao ní Mali, ibi tó ju 1,000 kìlómítà lọ. Ẹ rò ó wò: wọ́n ń ta ọjà sókèèrè.

Kí ló wá dé tí a kò fi mọ̀? Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ dùn wá díẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ tó dé, àwọn ará ìlú ti ń gbẹ́ kòtò kiri nínú igbó yẹn, wọ́n ń wa ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni ń wa góòlù. A kò lè pè wọ́n ní olè. Ohun bàbá wọn ni, sẹ̀gi sì níye lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ kòtò bẹ́ẹ̀ ti da erùpẹ̀ òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn pa history Git rẹ́ ni: fáìlì wà, ẹ kò mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Lónìí, kànga àti fáúndéṣọ̀n ilé ló kù tó ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ilé yín, ní Ifẹ̀ o, ní Àkúrẹ́ o, tí ẹ rí àfọ́kù ìkòkò tó nípọn, tí inú rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n da gíláàsì búlúù tàbí aláwọ̀ ewé sí i, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó gbé e, ẹ kọ bó ṣe jìn sí nínú ilẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá pe àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù.