Ọdún Ara Owó Kì í Ṣe Ọdún Ìtàn: Dídá Owó Àtijọ́ Mọ̀ ní Kíláàsì

Ní Sókótó níbí, a máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ohun àtijọ́ wá láti ilé àwọn bàbá àgbà wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn mú owó fàdákà ńlá kan wá, 1780 ni wọ́n kọ sí i lára. A sọ fún kíláàsì pé owó yìí dàgbà ju ìlú Sókótó lọ, nítorí 1809 ni Muhammad Bello tẹ ìlú náà dó. A ṣìṣe. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣàlàyé ohun tó fa àṣìṣe náà, kí olùkọ́ mìíràn má baà ṣe é.

Owó Maria Theresa, ọbabìnrin Austria, ni. Lóòótọ́, 1780 ni ó kú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò gbẹ́kẹ̀ lé owó rẹ̀ débi pé wọ́n ń rọ ọ́ lọ pẹ̀lú ọdún kan náà títí di ọ̀rúndún ogún, ní Vienna, London àti Bombay. Nígbà tí Heinrich Barth wà ní Kánò ní 1851, owó ẹyọ 2,500 ni wọ́n ń fi pààrọ̀ dọ́là fàdákà kan. Nítorí náà, 1780 kò sọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́, ká má tíì sọ ọdún tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ti owó oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1907 yàtọ̀. Ọdún tó wà lára ọ̀nínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ ṣe é gbà gbọ́. Lẹ́tà H túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́; KN sì ni King's Norton. Síbẹ̀, ọdún nìkan kò tó. Ní 1936, orúkọ Edward VIII wà lára àwọn kan, orúkọ George V sì wà lára àwọn mìíràn. Ẹ ka orúkọ ọba pẹ̀lú.

Owó idẹ ìgbẹ̀yìn ìjọba Róòmù kò tilẹ̀ ní ọdún lára, ó sì sábà máa ń ti họ. Bí àwọn onímọ̀ bá rí ọmọ ogun méjì lára owó ìgbà Constantine, wọ́n á ka ọ̀pá àsíá tó wà láàárín wọn: méjì, nǹkan bí 330 sí 335, ẹyọ kan, láti 335 síwájú. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ ló ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. SMAN, Áńtíókù ni.

Abèèrè kì í ṣìnà. Àbá wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè ohun mẹ́ta kó tó sọ ọjọ́ orí owó: Kí ni wọ́n fi rọ ọ́? Orúkọ ta ni, àmì ìlú wo, ló wà lára rẹ̀? Ṣé ọdún tí a kọ sí i ni ọdún tí wọ́n rọ ọ́? Kí ó má sì fi iyanrìn fọ̀ ọ́, nítorí lẹ́tà tó bá pa rẹ́ kò ṣe é dá padà. Kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti sísì tiwa ni àwọn Hausa ń pè ní kwabo, taro àti sisi. Nítorí náà, gbogbo ọmọ kíláàsì ló lè dá sí ọ̀rọ̀ yìí.