Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Di Ọ̀bẹ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, irin ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà. Irin ni agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ igi. Ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀yọ́ fi ń fín igbá. Èyí ni ó fà á tí ẹnu fi yà mí nígbà tí mo lọ ṣe pákó ìdágbére fún ọ̀gá wa kan tí ó ń fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ tí ọ̀dọ́mọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù náà ń lò gé igi, ó sì fín ọ̀rọ̀ sí i lára, láìsí irin kankan tí ó kan igi náà. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Lésà ni orúkọ rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ti àtùpà. Ti àtùpà a máa fọ́n káàkiri bí èrò tí ọjà tú mọ́ lórí; ti lésà a máa rìn lójú kan náà, bí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1917, Albert Einstein ṣàlàyé pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá lára átọ́ọ̀mù tí agbára ti kún inú rẹ̀, ó lè mú kí átọ́ọ̀mù náà tú ìmọ́lẹ̀ mìíràn jáde, tí yóò jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì. Ọdún 43 kọjá kí lésà tó dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, Theodore Maiman lo ọ̀pá rúbì kékeré kan láti mú ìmọ́lẹ̀ lésà àkọ́kọ́ jáde ní Malibu, ní California, ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1964, Kumar Patel, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ṣe lésà tí ó ń lo gáàsì kan náà tí à ń mí síta. Ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ Western Electric fi lésà lu ihò sára dáyámọ́ǹdì, òkúta tí irin kò lè ràn. Ní ọdún 1967, Peter Houldcroft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ọ́síjìn sí ojú ibi tí lésà ti ń jó, wọ́n sì gé irin tí ó nípọn tó mìlímítà 1. Ohun tí ẹwìrì ń ṣe fún iná alágbẹ̀dẹ ni ọ́síjìn náà ṣe fún ìmọ́lẹ̀ wọn.

Ẹ̀rọ tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìran lésà Patel ni. Inú ọ̀pá gíláàsì ni gáàsì wà. Iná mànàmáná ni ó ń fún un ní agbára. Dígí wà ní orí méjèèjì ọ̀pá náà. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn, ó sì ń pọ̀ sí i, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa gba ara dígí kan jáde. Awò kan a wá kó o jọ sí ojú kan ṣoṣo lórí igi, bí ọmọdé ti í fi awò kó oòrùn jọ sórí bébà títí yóò fi jó. Ẹ̀rọ kéékèèké a máa tì í síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, gẹ́gẹ́ bí àwòrán inú kọ̀ǹpútà ti là á sílẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, tí ó sì yára, òkè igi nìkan ni yóò jó: fínfín nìyẹn. Bí agbára bá pọ̀, tí ó sì rọra lọ, yóò jó igi já: gígé nìyẹn. Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú ènìyàn kò rí ìmọ́lẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ó lè ba ojú jẹ́; bí ike PVC bá sì jó níbẹ̀, èéfín olóró ni yóò tú jáde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi dúró níbẹ̀, síbẹ̀ orí wọ́. Ohun tí mo kọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni “Ọ̀wọ̀ fún àgbà wa.” Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láìfi àmì kankan sí i. Kí n tó wojú pákó, ẹ̀rọ ti fín in tán, ó mọ́ tónítóní: “Owo fun agba wa.” Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé owó ni a ń dá fún bàbá! Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, nítorí ohun tí iná ti jó kò ṣeé parẹ́.

Lésà kò mọ ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí owó. Ohun tí a bá là sílẹ̀ fún un ni yóò jó. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹni tí ó ya àwòrán ni ọnà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Bí àwọn ọmọ wa kò bá mọ èdè àti ọnà ìran wọn, àìmọ̀ náà ni ẹ̀rọ yóò máa fín sí igi fún wọn, láìṣì í fín. A ṣe pákó mìíràn. Èmi fúnra mi ni mo jókòó fi àmì sí i lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.