Bánábà, Oníduúró Àwọn Tí Wọn Ò Gbà Gbọ́

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣèrántí Bánábà Mímọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀, torí ó kan ẹgbẹ́ bíi tiwa.

Jósẹ́fù lorúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ Léfì, ará erékùṣù Kípírù. Àwọn àpọ́sítélì ló sọ ọ́ ní Bánábà, ìyẹn ọmọ ìtùnú. Ó ta ilẹ̀ rẹ̀, ó kó owó náà wá fún ìjọ kí wọ́n fi tọ́jú àwọn aláìní. Owó náà tó nǹkan lóòótọ́, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ rántí Sọ́ọ̀lù, tí a wá mọ̀ sí Pọ́ọ̀lù. Ó ti ń wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù jáde nílé, ó ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nígbà tó yí padà tó sì dé Jerúsálẹ́mù, kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i sójú. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Ṣé a rí wọn bá wí? Bánábà ló mú un lọ bá àwọn àpọ́sítélì, ó ro ohun tójú Sọ́ọ̀lù rí lọ́nà Dàmásíkù fún wọn. Ó dúró fún un.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ pọ̀ ní Áńtíókù. Bánábà ò dá a jẹ. Ó lọ sí Tásù, ó wá Sọ́ọ̀lù kàn, ó mú un wá. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi kọ́ ìjọ. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọlẹ́yìn ní Kristẹni. Nígbà tí ìyàn mú láyé Kíláúdíù, ìjọ Áńtíókù dáwó, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi rán sáwọn ará Jùdíà.

Máàkù, ìbátan Bánábà, bá wọn rìnrìn àjò, ó sì já wọn sílẹ̀ lọ́nà ní Págà. Ìgbà tí wọ́n tún máa lọ, Pọ́ọ̀lù ní òun ò mú un mọ́. Pọ́ọ̀lù tẹ́nì kan ti dúró fún rí o! Bánábà kọ̀. Ìjà náà le débi tí wọ́n fi pínyà. Bánábà mú Máàkù, wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Kípírù.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, látinú ẹ̀wọ̀n, lẹ́tà tó lọ sọ́dọ̀ Tímótì ní kó mú Máàkù wá fún Pọ́ọ̀lù, torí ó wúlò fún un. Ìtàn ìjọ sọ pé Máàkù yìí ló kọ Ìhìnrere tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìjọ Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì sì kà á sí olùdásílẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Owó ìdàgbàsókè ìlú, à ń dá a. Àmọ́ ọmọ ìlú tó ti ṣàṣìṣe, tá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ nípàdé mọ́, ta ló máa dúró fún un? Bí orúkọ ẹnì kan bá wá sí yín lọ́kàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí.