Ibà Odò Ọya: Ìrántí Ọdún 1841 àti 1854

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá sí ilẹ̀ wa, kò yẹ kí a gbàgbé ọ̀tá kan tí ó sọ púpọ̀ nínú wọn di èrò ibojì láìtọ́jọ́. Ibà ni ọ̀tá náà.

Ní ọdún 1841, ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Odò Ọya. Ẹni-Ọ̀wọ̀ J. F. Schön wà níbẹ̀, àti Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kò tíì fi jẹ oyè àlùfáà nígbà náà. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ búburú inú irà ni ń fa ibà. Nítorí náà ni a ṣe fi ẹ̀rọ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Asán ni. Láàrin oṣù díẹ̀, àwọn Òyìnbó tí ó kú lé ní 40. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kò kú bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1854, Crowther tún bá ọkọ̀ Pleiad lọ, Dókítà W. B. Baikie sì ni olórí. Dókítà yìí kò dúró kí ibà dé kí ó tó gbógun tì í. Ojoojúmọ́ ni ó ń fún àwọn Òyìnbó ní kuíníìnì, egbòogi kíkorò tí a ń rí láti ara èèpo igi cinchona ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n gba Odò Ọya dé Odò Bẹ́núè, wọ́n sì padà láìsí òkú Òyìnbó kan.

Bẹ́ẹ̀ ni egbòogi ṣẹ́gun kí a tó mọ ọ̀tá. Ní ọdún 1880 ni Laveran rí kòkòrò àìfojúrí náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria. Ní ọdún 1897 ni Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Nísinsin yìí a mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn, kòkòrò yìí a sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, a pọ̀ sí i níbẹ̀, a sì jáde wá jẹ ẹ̀jẹ̀ pupa run. Nígbà náà ni òtútù àti ooru ń dé. Ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ a máa di májèlé fún òun tìkára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tí ó fi ń sọ májèlé náà di aláìlágbára. Ọgbọ́n yìí gan-an ni kuíníìnì ń dí lọ́wọ́.

Ara ènìyàn pàápàá kò káwọ́ gbera. Ẹni tí ibà ti bá jà léraléra láti kékeré, ara rẹ̀ a mọ ọ̀tá yìí, a sì lè dojú kọ ọ́. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Áfíríkà inú ọkọ̀ 1841 fi bọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ kò ì tíì ní ìhámọ́ra yìí. Nítorí náà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ibà ń pa jùlọ láàrin wa títí di òní.

Ọ̀tá náà pẹ̀lú a máa kọ́ ọgbọ́n. Kòkòrò tí egbòogi kò bá pa tán lè bí irú àwọn tí egbòogi náà kò ní lè ṣẹ́gun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni chloroquine, tí ó gba ipò kuíníìnì, ṣe di aláìlágbára, tí Nàìjíríà sì fi egbòogi artemisinin tí a pò mọ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin òbí: ẹ má ṣe dá egbòogi dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ọmọ ti tutù. Ẹ lò ó pé. Àwọn tí ibà pa ní Odò Ọya kò rí irú àǹfààní tí ó wà lọ́wọ́ wa yìí.