oríta
ọ̀rọ̀-orúkọ

1. Ibi tí ọ̀nà ti pàdé tàbí tí wọ́n ti pínyà. Àpẹẹrẹ: Ní oríta Ore ni ọ̀nà Oǹdó ti yà kúrò lára òpópónà Ṣàgámù sí Benin.

2. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà (àbá): apá ètò orí ẹ̀rọ òǹlò tí ó ń ka àdírẹ́sì, tí ó sì ń yan ojú-ìwé tí yóò hàn, láì tún lọ béèrè lọ́wọ́ sáfà. Àpẹẹrẹ: Oríta ka /ore/odigbo, ó sì ṣí ojú-ìwé Odigbo.

Ìlò: Ọ̀nà àti ojú-ìwé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀nà ni àdírẹ́sì tí a tọ̀. Ojú-ìwé ni ohun tí a bá níbẹ̀. Ọ̀nà lè wà nínú ọ̀nà, bí ẹni tí ó ń ti Ore lọ sí Oǹdó ṣe ń la Odigbo kọjá. Bí oríta kò bá rí ọ̀nà tí ó bá àdírẹ́sì mu, kí òǹtumọ̀ kọ “A kò rí ọ̀nà yìí”, kí ó má kọ “Ojú-ìwé yìí kò sí”. Pé ènìyàn ṣìnà ní Ore kò ní kí Oǹdó má sí níbi tí ó wà.

Àkíyèsí: Ẹ̀rọ tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé kì í ṣe oríta, ráútà ni.

Tún wo: ìkóríta, ọ̀nà, ojú-ìwé.