Ìwọ̀n Ọ̀wọ́ Ìbátan nínú Ẹgbẹ́ Olópin
Nínú ìmọ̀ ìṣirò, èròjà a àti b inú ẹgbẹ́ olópin wà ní ọ̀wọ́ ìbátan kan náà bí èròjà x kan bá wà nínú ẹgbẹ́ náà tí xax⁻¹ = b. Ní 1904, William Burnside, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí ìwọ̀n ọ̀wọ́ kan bá ju 1 lọ, tó sì jẹ́ agbára nọ́mbà àkọ́kọ́, bíi 3, 4 tàbí 9, ẹgbẹ́ náà ṣeé tú sí ẹgbẹ́ kéékèèké. Ẹgbẹ́ olókìkí kan tó ní èròjà 60 kò ṣeé tú: ìwọ̀n ọ̀wọ́ rẹ̀ jẹ́ 1, 12, 12, 15 àti 20. Ní 1953, Noboru Itô, ará Japan, fi kún un pé bí ìwọ̀n bá jẹ́ oríṣi méjì péré, 1 àti n, agbára nọ́mbà àkọ́kọ́ ni n. Báyìí ni iye lásán ṣe ń tú àṣírí ìgbékalẹ̀ ẹgbẹ́.